Ìgbà Kẹrin Tí Omi Ọkọ̀ Dókítà Hó

Ọjọ́ kẹta tí mo ti Síkírù mọ́ àtìmọ́lé ni omi ọkọ̀ tí mo sọ pé ó ń bà jẹ́ tún hó. Dókítà Adéfúnmiláyọ̀, tó ni ọkọ̀, ló wá sọ fún mi fúnra rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá wa ní Yábàá, láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀. Kò jókòó. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ sórí tábìlì mi, ó fi ìka tì í wá sọ́dọ̀ mi díẹ̀díẹ̀.

“Sájẹ́ǹtì Àkàngbé,” ó ní, “ta ló tún ṣe é lọ́tẹ̀ yìí?”

Mo wo kọ́kọ́rọ́ náà bí ẹni pé òun ló máa bá mi dáhùn. “Ta ló ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mà?”

“Kò sẹ́nì kankan. Inú garéèjì ni mo tì í mọ́. Abẹ́ ìrọ̀rí mi ni kọ́kọ́rọ́ ń sùn.”

“Ẹni tó ń fọ̀ ọ́ ńkọ́?”

“Ẹni tó ń fọ̀ ọ́ wà lọ́dọ̀ yín níbí.”

Kọ́ńsítébù tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbójú sílẹ̀. Èmi náà ìbá gbójú sílẹ̀, àmọ́ dókítà ń wò mí.

Ọdún 1956 lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Mo ti lo ọdún mọ́kànlá nídìí iṣẹ́ ọlọ́pàá inú nígbà náà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi a máa sọ pé bí abẹ́rẹ́ bá sọnù lọ́jà Tejúoṣó, èmi ni kí wọ́n ránṣẹ́ pè. Mo máa ń mi orí bí ẹni tí kò fẹ́ ìyìn, bẹ́ẹ̀ mo fẹ́ ẹ dáadáa. Àwọn ẹjọ́ tí mo tú, mo máa ń ròyìn wọn tẹ̀ríntẹ̀rín fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. Èyí ni mi ò ròyìn fún ẹnikẹ́ni rí.

Ọkọ̀ náà kì í ṣe ọkọ̀ lásán. Ọkọ̀ pupa kékeré ni, èèyàn méjì péré ló ń gbà, kò ní òrùlé, irú èyí tí àwọn òyìnbó fi ń sá eré ìje. Dókítà, ọmọ Ìjẹ̀bú, gbé e bọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi nígbà tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ lókè òkun, láti Yábàá títí dé Sábó kò sì sẹ́ni tí kò mọ obìnrin tó ń wà á. Síkírù, ará Mùṣín, ọkùnrin bí ẹni ogójì ọdún, ló ń fọ̀ ọ́, òun ló sì ń ṣọ́ ọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, omi rédíétọ̀ ọkọ̀ yìí hó lẹ́ẹ̀mẹta lójú títì. Ìgbà kẹta, aláboyún kan ni dókítà ń sáré lọ gbẹ̀bí fún. Kí ó tó fẹsẹ̀ rìn débẹ̀, àwọn ìyá àgbà ilé ti gba ọmọ, Ọlọ́run ló sì yọ ìyá àtọmọ.

Ìgbà yẹn ló ránṣẹ́ pè mí. Wákàtí kan péré ni mo fi tú u. Mo rí gálọ́ọ̀nù omi tí Síkírù fi pamọ́ sẹ́yìn garéèjì. Mo rí àpá ìjóná lọ́wọ́ rẹ̀, bíi ti ẹni tó ń ṣí ìdérí rédíétọ̀ gbígbóná. Mo gbọ́ pé dókítà ti ń sọ pé òun máa gba dírẹ́bà tó ní láísẹ́ǹsì, kí Síkírù máa wá iṣẹ́ míì lọ. Mo so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, mo ní ó ń fa omi jáde kí ọkọ̀ lè bàjẹ́ mọ́ ọ̀gá rẹ̀ lọ́wọ́. Mo kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́, mo sì mú un gba àárín ọjà Tejúoṣó kọjá lọ́sàn-án gangan, níwájú ìsọ̀ aṣọ Sàúdátù, ìyàwó rẹ̀. Ọ̀nà míì wà tí mo lè gbà. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ló máa dé iwájú adájọ́, ó sì dá mi lójú pé ibẹ̀ ló máa gbà dé ẹ̀wọ̀n.

Nísinsìnyí, omi tún ti hó, Síkírù sì wà lẹ́yìn irin.

“Níbo ló ti hó, mà?” mo bi dókítà.

“Ọ̀nà Ìkòròdú.”

“Ṣé ẹ sá eré àsápajúdé ni?”

“Rárá. Jẹ́jẹ́ ni mò ń lọ.”

“Àbí ẹ dúró pẹ́ lójú kan, tí ẹ ò pa ẹ́ńjìnì?”

Ó ronú sí i. “Ohun tó ń yà mí lẹ́nu gan-an nìyẹn. Tí mo bá dúró, abẹ́rẹ́ tó ń sọ bó ṣe gbóná tó á rọlẹ̀ díẹ̀. Tí mo bá tún ti ń lọ, á tún gòkè.”

Mo mọ̀ díẹ̀ nípa ọkọ̀. Nígbà tí mò ń fẹ́ Lateefat, ìyàwó mi, ọgbà mẹkáníìkì bàbá rẹ̀ ní Oto ni mo fi ṣe ilé. Ọwọ́ mi di sípánà mú ju bó ṣe di ọwọ́ Lateefat mú lọ. Bàbá Yẹ̀kínnì, bàbá ìyàwó mi, ló kọ́ mi pé fáàn ló ń bá ẹ́ńjìnì wá atẹ́gùn nígbà tí ọkọ̀ bá dúró. Tí ọkọ̀ bá ti ń sáré, atẹ́gùn ojú ọ̀nà á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Fáàn tí kò dára, ìdúró la fi ń mọ̀ ọ́n. Èyí wá ń ṣe òdìkejì.

Mo tẹ̀lé dókítà lọ sílé. Mo fọwọ́ tẹ bẹ́líìtì tó ń yí fáàn, ó le dáadáa. Mo tẹ́ pépà sábẹ́ ọkọ̀ kí n fi wò ó bóyá omi ń kán níbì kankan, pépà náà gbẹ. Mo bomi sí rédíétọ̀ láti òkè, mo tú u nísàlẹ̀, ó ṣàn wẹ́rẹ́. Bí mo ṣe ń fi nǹkan kan sílẹ̀ ni mò ń mú òmíràn, kò sí èyí tó jẹ́bi nínú gbogbo wọn. Mo fún dókítà ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, mo padà sí àgọ́, mo ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún mi lọ́dọ̀ Síkírù.

Ó jókòó sórí ẹní. Kò dìde. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó kí mi kí n tó kí i.

“Síkírù, omi inú gálọ́ọ̀nù yẹn, kí lò ń fi í ṣe?”

“Mo ti sọ fún yín, sà. Mò ń fi kún ti ọkọ̀ ni. Ó ń gbẹ lójoojúmọ́.”

“Kí ló dé tó o wá fi í pamọ́?”

“Dókítà ti ń wo ọwọ́ mi. Tí wọ́n bá mọ̀ pé ọkọ̀ ń mu omi, wọ́n á ní èmi ni mi ò tọ́jú ẹ̀.”

Ẹni tó ń fa omi jáde kì í kó o sí gálọ́ọ̀nù kó tún lọ gbé e pamọ́. Ilẹ̀ ló ń dà á sí. Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ro ìyẹn, èmi ni mi ò rò ó.

Mo fara ba ògiri. “Sọ fún mi, kí lo ṣàkíyèsí lára ọkọ̀ náà tó yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀? Ohunkóhun.”

Ó wojú mi. “Àkísà, sà.”

“Àkísà wo?”

“Àkísà tí mo fi ń nù ún. Dókítà máa ń tan ẹ́ńjìnì kó lè móoru kí wọ́n tó jáde, èmi á ṣì máa nu iwájú ẹ̀ lọ́wọ́. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá mú àkísà débi irin iwájú yẹn, ṣe ló máa ń fà á mọ́ra. Mo máa ń já a gbà lọ́wọ́ ẹ̀ ni. Àmọ́ látìgbà tó ti Oto dé, kì í fà á mọ́. Ooru ló ń fẹ́ sí mi lójú.”

“Kí ló dé tó ò sọ fún mi?”

“Mo sọ fún yín, sà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ ní kí n dáhùn ohun tí ẹ bi mí.”

Mo ṣí ìwé kékeré tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí sílẹ̀. Gálọ́ọ̀nù wà níbẹ̀. Àpá ìjóná wà níbẹ̀, mo tiẹ̀ fa ìlà sí i nídìí. Àkísà kò sí níbẹ̀. Mo sì rántí pé lóòótọ́ ló ń sọ nǹkan kan nípa àkísà nígbà tí mò ń wo aago ọwọ́ mi. Ojú tì mí débi pé mo ṣe bí ẹni pé mo ṣì ń ka ìwé náà lọ.

Ọ̀rọ̀ míì tún wà tó dùn mí ju ti àkísà lọ. Ó ní látìgbà tó ti Oto dé. Èmi ni mo ní kí dókítà gbé ọkọ̀ náà lọ sí Oto, pé kí wọ́n bá a yí bẹ́líìtì rẹ̀ tó ti gbó padà. Mo ní kò sí mẹkáníìkì bíi Bàbá Yẹ̀kínnì ní gbogbo Èkó, pé ó lè tú ẹ́ńjìnì kó sì tò ó padà nínú òkùnkùn. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí ọkọ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ni omi kọ́kọ́ hó. Ọlọ́pàá tó bá gbọ́ṣẹ́, ibẹ̀ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àmọ́ àna mi ni. Iwájú rẹ̀ ni mo máa ń dọ̀bálẹ̀, n kì í bá a jiyàn. Mi ò lè ro bí mo ṣe máa dúró níwájú rẹ̀ kí n máa bi í pé kí lẹ ṣe, ìgbà wo lẹ ṣe é. Torí bẹ́ẹ̀ mi ò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ rárá, mo lọ mú ẹni tí ó rọrùn fún mi láti bi léèrè.

Mo padà sílé dókítà. Mo ya ojú ewé kan nínú ìwé ìròyìn, mo dúró síwájú ọkọ̀, mo ní kó tan ẹ́ńjìnì. Fáàn tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ máa ń fa atẹ́gùn wọlé láti iwájú ni, ó yẹ kí ìwé náà lẹ̀ mọ́ irin. Mo na án síbẹ̀. Ó fò padà, ó lẹ̀ mọ́ mi láyà.

“Ẹ paná ẹ̀, mà.”

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo wo ewé fáàn náà dáadáa lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ̀yìn ló yẹ kó dagun sí, iwájú ló dagun sí. Mo fi ọ̀bẹ àpò mi họ ọ̀dà dúdú ara rẹ̀, àwọ̀ ewé ló yọ lábẹ́ rẹ̀.

“Kì í ṣe fáàn ọkọ̀ yín lèyí,” mo ní. “Síta ló ń fẹ́. Tí ẹ bá dúró, ó ń ti ooru jáde gba iwájú, ìyẹn ṣì ń tù ú díẹ̀. Tí ẹ bá ń lọ, atẹ́gùn ọ̀nà ń bọ̀ wọlé, fáàn ń tì í síta. Àwọn méjèèjì á wá kọlu ara wọn nínú rédíétọ̀, kò sí èyí tó máa ráyè kọjá.”

Dókítà tẹ̀ síwájú, ó wò ó. “Ta ló fi í síbẹ̀?”

“Ẹ jẹ́ kí n lọ kí n bọ̀, mà.”

“Ẹ mọ ẹni náà.”

“Mo mọ̀ ọ́n, mà.”

Kò bi mí mọ́. Mo yá sípánà, mo tú fáàn náà, mo wé e sínú ìwé ìròyìn, mo sì wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Oto.

Àsìkò ìrun Jímọ̀ ni mo débẹ̀. Gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ti lọ sí mọ́ṣáláṣí. Bàbá Yẹ̀kínnì nìkan ló kù, ó jókòó lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, nínú oòrùn. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò pa Jímọ̀ jẹ rí. Mo rìn dé iwájú rẹ̀, kò ju ẹsẹ̀ mẹ́ta lọ láàárín wa, mo dọ̀bálẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ojú mi ló ń wò tààrà.

“Ta nìyẹn?” ó ní.

Mo wà nílẹ̀ níbẹ̀. “Èmi ni, Bàbá. Àkàngbé.”

“Ọkọ Lateefat. Dìde, dìde. Gbogbo ilé ńkọ́?”

“Wọ́n wà, sà. Ẹ ò lọ kírun?”

“Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí.”

Mo dìde lórí àyà, mo kúnlẹ̀. “Bàbá, ẹ dárí jì mí. Ìbéèrè kan ni mo gbé wá, kò sì yẹ kó jẹ́ èmi ni mo máa gbé e wá.”

“Ọmọ mi ni ẹ́. Bèèrè.”

Mo yọ fáàn nínú ìwé, mo gbé e lé e lọ́wọ́. Ìka rẹ̀ rìn yí i ká, ewé kan tẹ̀lé èkejì. Nígbà tó dé ìkẹrin, ojú rẹ̀ yí padà.

“Ti ọkọ̀ dókítà ni,” ó ní.

“Níbo lẹ ti rí i, sà?”

“Lára ẹ̀rọ iná ilé sinimá kan tí wọ́n tà fún mi ní àlòkù. Ihò bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá a mu. Mi ò kíyè sí ibi tó dagun sí, àfi báyìí tí mo fara balẹ̀.”

“Ti ọkọ̀ yẹn gan-an ńkọ́?”

“Mo yọ ọ́ kí n lè ráyè fi bẹ́líìtì sí i. Mo gbé e sílẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ewé méjì ṣẹ́. Òyìnbó ló ní i, a ò lè rí i rà níbí.”

“Bàbá, ọ̀dà wo lẹ fi kun èyí?”

“Dúdú.”

“Mo họ ọ́ níbì kan. Àwọ̀ wo lẹ rí níbẹ̀?”

Ó yí ojú sí fáàn náà. Ó yí i lọ, ó yí i bọ̀, ó gbé e súnmọ́ imú. Mo ti bi olè léèrè, mo ti bi apànìyàn léèrè, kò sí èyí tí mo fẹ́ kó má dáhùn bíi ti ọjọ́ yẹn.

“Ìwọ sọ fún mi,” ó ní.

Mo fi eékún sún mọ́ ọn. Mo ní, “Láti ìgbà wo, sà?”

“Láti ìtúnu ààwẹ̀ tó kọjá. Ó bẹ̀rẹ̀ bí èéfín. Mo máa ń dúró kí àwọn yòókù lọ jẹun kí n tó mú irinṣẹ́, kí wọ́n má bàa rí mi níbi tí mo ti ń táràrà.”

“Ẹ ò sọ fún Lateefat.”

“Kí n sọ fún ọmọ mi pé mi ò ríran mọ́? Àbí kí n sọ fún ìwọ tó o ti fi mí yangàn fún dókítà? Ojú ń tì mí, Àkàngbé.”

“Bàbá, wọ́n ti mú ẹnì kan nítorí fáàn yìí.”

“Ta ni?”

“Síkírù, ẹni tó ń fọ ọkọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta nìyí tó ti wà ní àtìmọ́lé.”

Ó gbé fáàn sílẹ̀ rọra. “Ta ló mú un?”

“Èmi ni, sà.”

Kò bú mi. Ó ní kí n bá òun mú fìlà òun níbi ìṣó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tí a jáde sójú títì, ó di apá aṣọ mi mú, a sì rìn bẹ́ẹ̀ lọ síbi tí a ti máa wọ bọ́ọ̀sì, èmi àti àna mi, tí àwọn ará Oto ń kí i, tó ń dá ohùn wọn mọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí a dé ilé dókítà, òun fúnra rẹ̀ ló rojọ́ fún un, kò fi nǹkan kan pamọ́. Dókítà mú un lọ sójú fèrèsé, ó fi ìka ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀, ó wo ojú méjèèjì. Ó ní ojú náà ní iṣẹ́ abẹ tí wọ́n lè ṣe sí i, kó wá bá òun ní ọsibítù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Bàbá Yẹ̀kínnì ní kó kọ́kọ́ jẹ́ kí òun rí ọkùnrin tó wà ní àtìmọ́lé. A lọ. Ó fẹ́ kúnlẹ̀ fún Síkírù, Síkírù gbá a mú, ó ní, “Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Bàbá. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ mú mi.”

Ọ̀gá wa ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́ fúnra rẹ̀, pé kò yẹ kí n ti àna mi sínú ìwé ìjọba. Mo gbà á rò fún bí ìṣẹ́jú kan, mi ò ní purọ́. Àmọ́ tí mo bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn ará Mùṣín á máa sọ títí láé pé Síkírù ba ọkọ̀ jẹ́, wọ́n bá a bẹ̀bẹ̀ ni. Mo kọ orúkọ Bàbá Yẹ̀kínnì, mo kọ ti èmi náà sí abẹ́ rẹ̀, mo sì tú Síkírù sílẹ̀ kó máa lọ sílé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo lọ sílé Síkírù. Mo dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ní kí onílé àti àwọn ayálégbé jáde wá. Mo sọ ọ́ fún gbogbo wọn pé Síkírù kò mọwọ́ mẹsẹ̀, pé àna mi ló gbé fáàn tí kò yẹ sí ọkọ̀, pé èmi ni mi ò lọ bi í léèrè. Wọ́n tẹ́tí sí mi. Onílé ní ó dáa tí mo wá. Wọ́n padà sínú yàrá wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó wá ku èmi, Síkírù àti Sàúdátù, tó ń bu ìrẹsì sí abọ́.

“Sájẹ́ǹtì,” Síkírù ní, “ọ̀rọ̀ àkísà tí mo sọ fún yín lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ṣé ẹ gbọ́ ọ?”

“Mo gbọ́ ọ.”

“Kí ló dé tí ẹ ò kọ ọ́ sílẹ̀?”

Mo ti ro ìdáhùn mẹ́ta sílẹ̀ lójú ọ̀nà, gbogbo wọn ló dára láti gbọ́. “Torí pé ìwọ lo sọ ọ́,” mo ní. “Ká ní dókítà ló sọ ọ́, èmi ìbá ti kọ ọ́.”

Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan. Sàúdátù gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó gbé omi ìfọwọ́ tì í, òun náà sì jókòó. Nínú ilé tálákà jù lọ tí mo wọ̀ rí ní Mùṣín, bí àlejò bá bá wọn nídìí oúnjẹ, wọ́n á ní kó wá jẹun, ì báà jẹ́ ẹnu lásán. Síkírù fọwọ́, ó ṣe bísímílà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Mo dúró níbẹ̀ díẹ̀ sí i, kò sẹ́ni tó ní kí n wá jẹun. Mo ní ó dàbọ̀, mo sì jáde.